Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi àti Kárìà Bọ̀ọ̀dá Adétóyè

                                                            Ọ̀nà Òjòkú,
                                                            Ọ̀fà,
                                                            Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                            21 Oṣù Kọkànlá, 1991.

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí ó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà ní Òṣogbo? Ṣé ara ọmọ ti le, ṣé ó ti ń rìn? Tíṣà ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gun máṣíìnì lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé níwèé? Ẹ̀yìn tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Bá mi kí gbogbo wọn báyìí, kí o tó ka èyí tó kù, nítorí tí o bá kà á tán, inú á bí ọ débi pé o ò ní rántí kí ẹnikẹ́ni. Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi, Fọlákẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí bírò yìí fi ń lu ìwé já. Má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, o kúkú mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà.

O mọ̀ pé ọ̀kadà ni ọkọ mi ń gùn. Kì í ṣe inú ìlú ló ti ń ná an o. Inú oko tó wà lẹ́yìn Òjòkú ló ń lọ, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ wá sí Ọ̀fà. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà. Òjò ti wọ́ ọ lọ, kòtò ló kàn kòtò, gbòǹgbò igi sì nà gbalaja káàkiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá ti oko dé, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ bí ènìyàn. Iṣan ẹsẹ̀ á sún kì, pajápajá á mú un, á di ògiri mú, á máa ké bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀nà ló ti mú un. Ó fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ kọ̀, òun àti iṣu àti máṣíìnì bá wọ kòtò lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Apá rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n ká ní aboyún kan ló gbé sẹ́yìn ńkọ́?

Wàyí o, gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní èmi ni.

Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ sọ fún? Bọ̀ọ̀dá Adétóyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àwọn ni wọ́n ni máṣíìnì náà, àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Níwájú ìyá ọkọ mi, níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, èmi lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wọn lọ́wọ́! Wọ́n ní, “Dúrótìmí, rọra o. Ìyàwó tuntun ti fa omi orúnkún ẹ gbẹ.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Bí mo bá pọn omi kọjá lábẹ́ igi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, wọ́n á pariwo lé mi lórí pé, “Ìyàwó, ṣàánú wa! Jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́la o!” Èmi Àrìnpé, tí mi ò tíì lè wo ojú ọkọ mi tààrà tó bá ń jẹun!

Kò parí síbẹ̀. Màmá ọkọ mi pè mí, wọ́n rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ, wọ́n ní kí n kó ẹrù mi wá sí yàrá àwọn, kí n máa sùn níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọmọ àwọn á fi le. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Wọ́n lé mi kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́! Màmá yìí kan náà ni wọ́n sì ń wo ikùn mi láràárọ̀ bóyá ó ti ń yọ. Ṣé nínú yàrá wọn ni mo ti fẹ́ lóyún ni?

Ṣùgbọ́n ẹni tó dùn mí jù ni ọkọ mi. Kò gbèjà mi, orí ló ń họ. Mo sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí, pajápajá kò fi í sílẹ̀, ńṣe ló ń le sí i, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé, ó dára, ta ló ń fa omi orúnkún báyìí?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá ní kí n bá ọkọ mi lọ sí oko lọ wo ẹ̀gẹ́ tí àwọn fẹ́ fi ṣe gàrí. Mi ò gun máṣíìnì náà rí, bó bá pọ̀ tán, mo kàn ń rí i ní ìdúró ni. Ìgbà tí mo jókòó sẹ́yìn ni ojú mi tó là. Bọ̀ọ̀dá ti ní kí wẹ́dà tó ń jó irin fa kárìà ẹ̀yìn, irin tí wọ́n ń di ẹrù lé, gùn wá síwájú, kí ó lè gba àpò ẹ̀gẹ́ púpọ̀. Irin ti gba ìjókòó mọ́ ọkọ mi nídìí. Orí táńkì epo ló kù tó ń gbé ìdí lé. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ọwọ́ máṣíìnì, ó ká jọ bí ọ̀pọ̀lọ́, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló fi ń kan irin ìtẹsẹ̀. Bí kòtò bá dé, á fi itan fún táńkì náà pinpin kí ó má baà ṣubú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ títí. Mo fún un lómi, ó ní rárá, òun kì í mu omi lójú ọ̀nà kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n òun. Nínú oòrùn yẹn!

Nígbà tó wọ inú oko lọ pe àwọn àgbẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ká ìró mi sókè, mo gun iwájú máṣíìnì. Má rẹ́rìn-ín. Mo ká ẹsẹ̀ bó ṣe ń ká a, mo fi itan fún táńkì. Fọlákẹ́, kò pẹ́ rárá tí pajápajá fi gbá mi mú lẹ́yìn ẹsẹ̀, mo lọgun! Ọkọ mi sáré dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ta ni ìyàwó tuntun tó fa omi orúnkún tèmi?” Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé kárìà náà kò dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé iṣẹ́ wọn ò dára? Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jákèjádò ọ̀nà Òjòkú!

Lọ́jọ́ kejì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, àwọn a máa gun máṣíìnì wọ igbó wọ ọ̀dàn, pajápajá kankan ò mọ ilé àwọn. Mo bá kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa gùn ún lọ sóko lọ́la, kí ẹ sì fi kó ẹrù bọ̀, kí ọkọ mi lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Inú wọn dùn! Wọ́n ní, “Ẹ ò rí ìyàwó tó gbọ́n.”

Wọ́n lọ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dé, ẹrù kún ẹ̀yìn wọn, àwọn wà lórí táńkì, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. A kí wọn káàbọ̀, wọn ò dáhùn. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Dúrótìmí, gbé mi.” Bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, “Yéè! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Ọkọ mi pẹ̀lú aládùúgbò kan ló gbé wọn sọ̀ bí àpò ẹ̀gẹ́. Àǹtí Caroline, ìyàwó wọn, jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n ní, “Bàbá Susannah, ta ni ìyàwó tuntun tí ẹ gbé tí ẹ ò sọ fún mi?” Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ kejì Bọ̀ọ̀dá ní kí wẹ́dà gé kárìà náà kúrò. Báyìí, ọkọ mi ń jókòó bí ènìyàn. Sọ fún Tíṣà ọkọ rẹ náà o, torí ọ̀nà abúlé wọn: kí wọ́n má ṣe fi itan há táńkì mọ́ra, kí wọ́n fi àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ irin. Bí wọ́n bá rí kòtò, kí wọ́n dìde díẹ̀, kí orúnkún rọ̀, kí máṣíìnì máa fò lábẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Kí wọ́n máa mu omi, ìtọ̀ ò pa ẹnikẹ́ni. Bó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀. Bí pajápajá bá sì fẹ́ dé, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n fa ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara. Ọkọ mi ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó ń ti oko dé báyìí, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn wọlé.

Ṣùgbọ́n ṣé o rò pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí? Kò sí. Bọ̀ọ̀dá ò sọ ọ́ mọ́, wọn ò sì gbà pé àwọn ṣì í sọ. Kò sẹ́ni tó ní, “Àrìnpé, máa padà sí yàrá ẹ.” Mo dúró, mo dúró. Ní àná, ní ọ̀sán gangan, gbogbo wọn jókòó sí àgbàlá ń bó ẹ̀gẹ́, mo di ẹrù mi, mo gbé e lérí, mo la àárín wọn kọjá. Màmá ní, “Àrìnpé, níbo lò ń lọ?”

Mo ní, “Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni, mà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dìde láàárín wọn, ó wá gba ẹrù náà lórí mi.

Kí ọmọ fún mi, kí o sì tètè fèsì.

Èmi ni, ẹni rẹ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ tì mọ́,
Àrìnpé.