Ìsọ̀kalẹ̀ ni Doha, Ìgòkè ni Ilé

Kanchhi, àbíkẹ́yìn mi,

Ìyá rẹ gbin ọkà báálì ọdún Dashain sínú yàrá òkùnkùn láàárọ̀ yìí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwa wà, òjò ti dá, ẹfọ̀n wa bímọ, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Kí oòrùn Doha má pa ọ́ lára, kí ọ̀gá rẹ sì máa fi ojú àánú wò ọ́. O ní o ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti wá gba tíkà nílé, kí n fi ìrẹsì pupa sí ọ níwájú orí, kí n sì súre fún ọ. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ kò wọlé mọ́. Ọdún kẹta rèé tí mo ń fi ìrẹsì pupa náà sí iwájú orí fọ́tò rẹ. Kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọmọ mi. Ó máa ń já bọ́ kí n tó súre tán.

Mo bá ní kí Tísà Purna bá mi wo bí Doha ṣe jìnnà tó. Ó ní láti pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu dé ọ̀dọ̀ yín ju ẹgbẹ̀ẹ́dógún kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n bíi wákàtí márùn-ún péré ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Mo ní kó tún un kà. Bọ́ọ̀sì tiwa ń fi odidi ọjọ́ kan dé Kathmandu! Ṣé ibi tó sún mọ́ wa ju Kathmandu lọ lo wà látọjọ́ yìí?

Mo wá rí ìdí tí bíbọ̀ rẹ fi pẹ́ fúnra mi, nínú àkókò ọkọ̀ òfuurufú tí Tísà kà fún mi. Èyí tó ń lọ gbéra ní aago mẹ́sàn-án, ó balẹ̀ kété lẹ́yìn mọ́kànlá. Èyí tó ń bọ̀ gbéra ní mẹ́jọ àárọ̀, ó di aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó dé. Ìsọ̀kalẹ̀ ni lílọ, ìgòkè ni bíbọ̀, bíi láti ilé wa dé odò. Tísà ní aago tiwọn ló yàtọ̀ sí tiwa. Mo ní ṣé oòrùn méjì ló wà ni? Ìyá rẹ ní èmi tí mò ń bì nínú bọ́ọ̀sì, ta ló fi mí ṣe awakọ̀ òfuurufú?

Má dá wọn lóhùn. Má di ẹrù wúwo. Bẹ awakọ̀ kó sinmi díẹ̀ lágbede méjì.

Má fi owó oṣù yìí ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wálé. Bó bá ṣẹ́ kù, fún mi lówó bàtà rọ́bà. Wàá dàgbà, wàá gbó, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbàgbé ẹnu ọ̀nà wa.

Bàbá rẹ.

Mo ti kọ ọ́ tán kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa tó pe Tísà láti Kathmandu. Ó ní ọmọbìnrin kan, Gurung bíi tiwa, tó ti Doha dé wà lẹ́yìn òun, abúlé wa ló ń bọ̀. Kò béèrè orúkọ rẹ̀, ìpè sì já. Ọmọbìnrin Dilmaya aládùúgbò wa náà wà ní Doha, ó lè jẹ́ òun. Ìyá rẹ ti wọ bàtà. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, má wulẹ̀ ka lẹ́tà yìí. A ṣì ń pe awakọ̀ náà. Kò tíì gbé e.