Òdòdó Tí O Gbé Sọ́dọ̀ Mi Ti Tanná

Agbo Ilé Bàbá Jíbrílù,
Ìsàlẹ̀ Èkó.

Khairiyyah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aláékùmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ Ubaydullah ńkọ́? Ikùn ńkọ́? Ọlọ́run tó fi í fún ọ yóò bá ọ gbé e dé ọjọ́ ayọ̀, ọjọ́ tó o bá kúnlẹ̀, kó o tó pe orúkọ Rẹ̀ tán la ó ti máa kí ọ kú ewu ọmọ. Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà, ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá Jíbrílù ti rọlẹ̀, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá kírun.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Fóònù tó o rà fún mi ló ní inú òun ti kún, òun ò lè gba nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ n kò kó ohunkóhun sí i ju fọ́tò Iléyá lọ, ni mo bá pa á kí èyí tó wà nínú rẹ̀ lè dà. Mo tiẹ̀ fẹsẹ̀ ara mi wá, mo wọkọ̀ ní Obalende dé ẹnu géètì yín ní Ìkòyí, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí n mú kóòdù wá. Mo ní èmi ni mo bí ọ, kóòdù wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó ní ẹ̀rọ àwọn kò mọ ìyẹn. Mi ò bá a jà nítorí ọmọ mi ló ń ṣọ́, mo ṣàdúrà fún un, mo padà sílé.

Ohun tí mo fẹ́ wá sọ ni ti ọ́kíìdì yẹn. Ọjọ́ tó o gbé òdòdó náà wá, tó o ní ẹ̀rọ amúlétutù ilé yín ń pa á, o ní, Màmá, tẹ́ ẹ bá lè tọ́jú èyí, ẹ̀yin lẹ máa wá wẹ ọmọ mi. Ẹ̀rín lò ń rín, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Ubaydullah fẹ́ gba nọ́ọ̀sì, àti pé ẹ ti ra ẹ̀rọ kan tí yóò máa gbọ́ ẹkún ọmọ, bí ẹni pé Ọlọ́run ti gba etí lọ́wọ́ gbogbo ìyá tó wà l'Ékòó.

Nígbà tí mo wo inú ìkòkò rẹ̀, èèpo igi àti èédú ni mo bá níbẹ̀, kò sí erùpẹ̀ kankan, mo ní àwọn tó tà á ti rẹ́ ọmọ mi jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ sì ta síta bí ẹni tí kò láṣọ. Mo bu erùpẹ̀ dúdú sí i, mo fi bò ó láṣìírí, mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a ti ń ṣe àlùwàlá. O sì mọ agbo ilé wa, ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán, omi tó bá kù nínú búta, ìdí igi ló máa dà á sí kó lè gba láádà. Bàbá Jíbrílù dà, Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ dà, àwọn àlejò ọjọ́ Jímọ̀ náà dà, ìgbà márààrún lójúmọ́. Inú mi ń dùn, mo ní òdòdó wo ló rí irú ìtọ́jú yìí rí ní Ìkòyí? Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi pọ́n, ìdí rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn. Afusat tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ mi wò ó, ó ní láádà la fi pa á.

Khairiyyah, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ewé o. Mo ní ó ti tán, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ ọmọ mi. Mo fà á yọ, mo gé èyí tó ti jẹrà kúrò, ewé mẹ́ta péré ló kù. Àmánà ni, ìwọ lo fi í sí ìkáwọ́ mi, mi ò lè jù ú nù, ni mo bá gbé e sínú ajere, ìkòkò oníhò tí mo fi ń yan ẹja tẹ́lẹ̀, mo so ó mọ́ irin fèrèsé ẹ̀yìn tó kọjú sí ọ̀sà, kí ojú má baà máa tì mí bí mo bá ń rí i. Àwẹ̀ wọlé, iṣẹ́ sààrì gbà mí lọ́kàn. Ìgbà tí mo bá rántí ni mò ń wọ́n omi díẹ̀ sí i, ìyókù, atẹ́gùn ọ̀sà ló ń bá mi ṣe é.

Ó tanná! Lẹ́yìn Iléyá ni mo ṣí fèrèsé láti sá aṣọ, mo bá a níbẹ̀, funfun báláú, gbòǹgbò tuntun di ajere mú gírígírí. Mo kígbe Alihamudulilai débi pé Bàbá Jíbrílù rò pé o ti bímọ ni. Ara tù mí, ọkàn mi balẹ̀, oúnjẹ tún wá ń dùn lẹ́nu mi. Hàlímọ̀ tún gbé búta dé, mo ní tó bá fi lè kán ẹ̀kán omi kan sí i, èmi àti ẹ̀ ni.

Mo fẹ́ ṣe sàráà àkàrà fún àwọn ará ilé, nítorí náà, fi owó ẹ̀wà àti òróró ránṣẹ́, kó o fi owó ọkọ̀ kún un. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni kó o fún, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ báńkì yẹn bi mí níjọ́sí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá, mo dúpẹ́, mo bi í léèrè ará ilé rẹ̀, ó kàn ti káàdì mi síta. Fi kóòdù géètì yín náà ránṣẹ́.

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ọmọ rẹ á bá ọ kalẹ́, ìwọ náà á rí ọmọ ọmọ rẹ. Mo ti kọ́gbọ́n. Tí mo bá dé, màá bi ọ́ kí n tó da omi sí ọmọ lára. Tó bá sùn, màá jẹ́ kó sùn. Màá kàn jókòó ti ẹ̀rọ yín yẹn, kí àwa méjèèjì jọ máa gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímọ̀t.