Kí Wọ́n Tó Fi Iná Lé Oyin

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Ugbe-Àkókó,
                                        Nítòsí Ìkàrẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 1994.

Mọ́júbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àkúrẹ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara Lucy ti mókun lẹ́yìn ibà tó dá a dùbúlẹ̀? O kú iṣẹ́ olùkọ́, o kú ìfaradà. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ara wa le, alihamudulilahi, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ ní lẹ́tà yìí, tí n kò fi sí póòsì.

O mọ oko ẹ̀gúsí wa tó fẹ̀yìn ti igbó bàbá yín. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àbúrò rẹ Adéṣínà kó àwọn agégi wá, wọ́n gé igbó náà dé ìdajì, ó fi igi rẹ̀ sun èédú. Òjò dé, ẹ̀gúsí wa fà bolẹ̀, ó sì tanná. Ṣùgbọ́n bí èso bá ti tó orí àtàǹpàkò báyìí, á rọ, á já bọ́. Hámzàt ọkọ mi ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Mo ní kòkòrò ni. Àṣé àìsí kòkòrò ni!

Ìyá ọkọ mi ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀gúsí tó wà létí igbó tó kù ń so. Mo lọ dúró síbẹ̀ láàárọ̀, mo tẹ́tí. Létí igbó, oyin ń kùn lórí òdòdó. Ní ìhà tí wọ́n ti gé igi, ó dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ihò igi tí oyin yóò gbé níbẹ̀ mọ́, kò sì sí òdòdó inú igbó tí yóò máa bọ́ wọn kí ẹ̀gúsí tó tanná. Bí oyin kò bá sì gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ dé ara abo, èso kò ní dúró.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣe iṣẹ́ oyin. Mò ń já òdòdó akọ, mò ń fi ra inú abo, kí oòrùn tó mú wọn pa ojú dé. Hámzàt fi mí rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó rí i pé àwọn tí mo fọwọ́ kàn dúró, òun náà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn méjì ha lè ká oko bí? Ẹ̀yìn mi kò ṣeé nà mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Adéṣínà tún dé pẹ̀lú àwọn agégi, ó fẹ́ gé èyí tó kù. Mo kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo wọn, èmi tí mo pọ̀n ọ́n ní kékeré.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde. Igi bàbá mi ni mò ń gé, n kò gé ti bàbá yín."

Mo ní, "Adéṣínà, ebi ni yóò pa wá."

Ó ní, "Ebi ń pa èmi náà."

Òótọ́ ló sọ: ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì ríṣẹ́ ṣe.

Bí ẹ̀rọ ìgégi wọn ṣe kan ìrókò tó wà láàárín igbó tó kù, oyin tú jáde nínú ihò rẹ̀, wọ́n lé gbogbo wọn dé títì. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Àná ni Adéṣínà wá kìlọ̀ fún wa pé kí a má lọ sóko ní Sátidé, pé òun yóò ti iná bọ ihò náà.

Hámzàt kò bá a jà. Láàárọ̀ yìí ó ká aṣọ sínú àpò, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Ọ̀kà, pẹ̀lú àyà rẹ̀ tí kò gba eruku. Ó ní oko ti tán. Èmi nìkan ló kù láàárín òdòdó.

Mọ́júbọ́lá, ìwọ ni àkọ́bí bàbá yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Sọ fún Adéṣínà pé kó fi igbó tó kù sílẹ̀, kó wá bá mi gbin ẹ̀gúsí. Màá yọ̀ǹda ìhà etí igbó fún un, ibi tó ti ń so jù, kó máa kórè rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Èmi á máa fọwọ́ ṣe tèmi.

Bá mi kí bàbá Lucy, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Má jókòó kọ èsì, wọ mọ́tò. Bó bá di ọjọ́ Àìkú kí o tó dé, èéfín ni o ó bá.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,
                                        Safurat.