Wọ́n Ní Mi Ò Gbọdọ̀ Sunkún Ọmọ Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo parọ́ fún nọ́ọ̀sì, ọkàn mi ò sì balẹ̀ látọjọ́ yẹn...

Abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà là ń gbé, gàrí ni mò ń yan. Ọmọ mi àkọ́kọ́ kú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ sin, wọn ò fi ojú oórì hàn mí, torí níbí, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi ti kó gbogbo aṣọ ẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sunkún, pé ẹni tó bá ń sunkún ọmọ, òmíràn kì í tètè wá. Omi ló dànù, agbè ò fọ́... gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ọ́. Ọyàn mi ṣì ń kún nígbà yẹn o. Mo gbé ẹkún mì, wọ́n sì ń yìn mí pé mo lọ́kàn. Ìyìn yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni, mo rò pé mo kàn ya ọ̀lẹ ni. Ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní lè dìde, oúnjẹ ò wù mí, oorun ò wá, tí mo bá ń kírun mi ò ní mọ ràkáà tí mo kí dé. Lọ́jọ́ kan gàrí jó nínú agbada níwájú mi, mi ò gbóòórùn nǹkan kan, àfi ìgbà tí obìnrin tá a jọ ń yan án fà mí kúrò nídìí iná. Òun ló mú mi lọ sílé ìwòsàn, ìyá ọkọ mi sì tẹ̀lé wa.

Nọ́ọ̀sì ní ó jọ depression, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé ó ti pẹ́ jù, kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń mú mọ́ra, ìtọ́jú wà fún un. Ó wá bi mí bóyá ó máa ń wù mí kí n kú. Mo ní rárá. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi... ó ń wù mí, láàárọ̀ yìí gan-an ó wù mí. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi jókòó tì mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá rí dókítà lọ́jọ́ Àlàmísì. Nígbà tá a délé, ìyá ọkọ mi sọ fún ọkọ mi pé ọ̀dọ̀ dókítà wèrè ni wọ́n ní kí n lọ, pé ojú wo la fẹ́ fi wo ará abúlé? Ọkọ mi ò burú, àmọ́ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ó ní tí mo bá ti lóyún míì, gbogbo ẹ̀ á lọ. Oyún kẹ̀? Èmi tí mi ò lè gbé ara mi? Tí mo bá sunkún, wọ́n á ní mò ń lé ọmọ sẹ́yìn. Tí mo bá lọ sílé ìwòsàn, mo di wèrè. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á tún yìn mí.

Ọ̀la ni Àlàmísì. Ṣé kí n lọ láìsọ fún wọn? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ọkọ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe là á jáde? Agbè yẹn ti sán o, èmi nìkan ni mo sì mọ̀... ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?