Iyọ̀ Òkun Kì í Ṣe Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le. Ẹ má pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta iyọ̀ òkun mọ́. Mo ti kúrò níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló wọlé, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà mí láàmú. Tí mo bá ń jẹ iyọ̀ yìí, ṣé kí n pa oògùn dókítà tì?" Ọ̀gá mi ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Màmá, ẹ bù ú sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tó bá ń ro yín. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́. Ẹ lo oògùn yín!"

Ọ̀gá ní kí n máa lọ. Kí n tó jáde, mo tún un sọ sókè kí gbogbo oníbàárà lè gbọ́. Lọ́la náà, ohun tí màá sọ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo wà báyìí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mò ń sùn. Ó tutù, ó bá ẹ̀yìn mi mu gan-an ni.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n má fi oògùn wọn ṣeré o.

Ọmọ yín alágídí.