Ìdí Tí Oúnjẹ Mi Fi Jẹ́ Òdo Nínú Áàpù

Yàrá Kẹrìnlá,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́rú.

Àǹtí mi Nọ́ọ̀sì,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Ẹ kú iṣẹ́ ilé ìwòsàn o. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́, àti pé àwọn aláìsàn ń jẹ́ kí ẹ jókòó díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì tí ẹ ṣí fún mi lọ́dọ̀ alágbàtà ìpín ni mo bá wá. Ẹ ní apá kan rẹ̀ jẹ́ ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí a ó tà san owó ilé-ìwé ọdún kejì, apá kejì sì jẹ́ owó tí mo lè fi káàdì ná. Nígbà tí mo ń so ó mọ́ áàpù ìṣúná tí èmi àti Màámi jọ ń wò, áàpù náà bi mí bóyá àkáǹtì ìnáwó ni tàbí ti ìdókòwò. Èmi ọ̀mọ̀wé bá tẹ ìdókòwò. Bó ṣe di pé kò ka búrẹ́dì, kò ka owó ọkọ̀ nìyẹn. Àpapọ̀ owó tó kù nìkan ló ń fi hàn.

Àpapọ̀ náà ń wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún mi pé, "Bí ọjà ìpín bá wálẹ̀, má jáyà, yóò tún gòkè." N kò jáyà. Mo ń dúró de ọjà, mo sì ń jẹun.

Ní oṣù tó kọjá, Màámi pè mí. Wọ́n ní, "Oúnjẹ, òdo. Ọkọ̀, òdo. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé afẹ́fẹ́ lò ń jẹ níbẹ̀ ni?" Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ áàpù náà lò, ni mo bá fẹ̀rín bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, owó wọn wọlé sí báǹkì mi. Màámi ti gba aṣọ ọmọ ilé-ìwé mẹ́rìnlélógún kún iṣẹ́ ìránṣọ wọn, nítorí ebi tí kò pa mí.

Alábàágbé mi, tí a ń pè ní Ṣírò-ṣírò, ló là mí lójú. Ó wo fóònù mi, ó ní, "Ọjà wo ló máa ń wálẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí o bá ra adìẹ díndín?" Ó rẹ́rìn-ín títí. A ṣí àkọsílẹ̀ ọ̀dọ̀ alágbàtà. Owó káàdì ti tán tipẹ́, ìpín ni wọ́n ń tà díẹ̀díẹ̀ láti fi dí i. Bí a bá pín ìpín náà sọ́nà márùn-ún, mo ti jẹ ọ̀kan. Mo rò ó pé kí n kúkú kó ẹrù mi máa bọ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, Àǹtí. Mo ti ní kí alágbàtà má ta ìpín kankan mọ́ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo rà láti oṣù mẹ́ta sínú ìwé, oúnjẹ lọ́tọ̀, ọkọ̀ lọ́tọ̀, kí n lè tò ó sínú áàpù bó ṣe yẹ. Mo sì ti rí iṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀, mò ń dá ìwé padà sáyè wọn. Bí n kò bá fi iṣẹ́ náà ṣeré, ohun tó lọ yóò padà kí owó ilé-ìwé tó tó san. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣírò rẹ̀. Ṣírò-ṣírò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, iye kan náà ló rí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mò ń bọ̀ nílé. Màá jókòó ti Màámi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, màá ṣàlàyé, màá sì dá owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà. N kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́jú èèyàn rọ. Ẹ ó jẹ èrè mi.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń kọ́ ìwé àti ọgbọ́n pọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní.

Mo gbàgbé: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yín kì í pẹ́ tú àṣírí. Bí wọ́n bá yà sọ́dọ̀ yín, ẹ ní orí ń fọ́ yín. Ẹnu èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.