Ààtàn Ìpínlẹ̀ Mẹ́rin Kò Gbọdọ̀ Lọ sí Kuta

Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1987.

Mùrí, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé rú ọ lójú. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín, àfi inú mi tí kò dùn. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí ìbejì. Wùmí, tíṣà tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, òun náà ló ka tìrẹ fún mi.

Ó kà á pé Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Bẹ̀ńdẹ̀lì ti fẹnu kò ní ọ́fíìsì yín pé kí wọ́n kó pàǹtí kan tó ń jáde ní ọsibítù wọn jọ sójú kan, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó ní agbára kan wà nínú pàǹtí náà tí ojú kò lè rí, bí wọ́n bá sì rì í mọ́lẹ̀, agbára yẹn kò ní tán títí dé ayé àwọn ọmọ ọmọ wa. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Mùrí, ìwọ náà mọ̀ pé orí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa ni àgbàdo ti ń yọ ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta. Ààtàn ilé kan ṣoṣo nìyẹn o, kí wá ni ti ìpínlẹ̀ mẹ́rin?

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé oko wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé àpótí kan dání tó ń ta pá-pá-pá bí gúgúrú inú agbada. Wọ́n kọjá lórí ilẹ̀ tèmi, wọ́n lọ ri èèkàn funfun mẹ́rin sí oko Ògúnkúnlé ará Kuta tí a jọ pààlà, wọ́n ní àwọn ń pa dà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá yẹ ilẹ̀ náà wò dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni Ògúnkúnlé ti ń dé fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí mo bá kí i, á kàn mirí bí ọba. Mò ń jowú, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀kọ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Ṣé ọmọ Ògúnkúnlé ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà ni? Kí ire ti ọwọ́ ọmọ ẹni jáde, kó wá fo ilé ẹni lọ sílé aládùúgbò!

Wùmí ní májèlé ni, ó ní ìbọ̀wọ́ tí wọ́n wọ̀ ni kí n fi mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ará Kuta ni ìyá rẹ̀. Alájì Rájí sọ fún wa pé àwọn tó ń ta góòlù ní Mẹ́kà kì í fi ọwọ́ lásán gbé e. Wùmí ń fajú ro bó ṣe ń kọ èyí, mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, láàárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí Ògúnkúnlé lọ sọ́jà Ilé-Ogbó, mo fa èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu, mo sì rì wọ́n sórí ilẹ̀ wa, níbi tó tẹ́jú jù lọ. O mọ ibẹ̀, ibi tí mo fún ọ láti kọ́lé ni, tí o ti kó búlọ́ọ̀kù sí. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wo èèkàn, wọ́n wo ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bi mí pé ta ló nilẹ̀. Mo ní Mùrí ni. Orúkọ rẹ ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù, mo sì tẹ̀ka sí i. Wọ́n ní kí n má tíì yọ̀, pé ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì máa jókòó lé e lórí. Bí wọ́n bá jókòó, má tijú o. Dìde, sọ fún wọn pé tiwa ni.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra sìmẹ́ńtì, kí n fi búlọ́ọ̀kù rẹ mọ odi yí i ká, torí àwọn ará Kuta lè máa wá bu pàǹtí náà. Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra ìbọ̀wọ́ kan, kí Ògúnkúnlé rí i lọ́wọ́ mi. Wùmí ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tòun sí ìsàlẹ̀, mo ní kò sáyè.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga. Ohun tó bá wọ ilẹ̀ rẹ kò ní jáde mọ́, títí dé ayé ọmọ ọmọ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àmúdà.